Ọpẹ́ Nínú Orin: Georges Brassens, Violeta Parra àti Hárúnà Ìṣọ̀lá

Àwọn àgbà a máa wí pé ohun tí ó bá wu ni ni í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti orin. Orin tí ó bá wu ènìyàn ni yóò pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá gbọ́. Bí ọ̀rẹ́ náà bá sì jẹ́ ará ilẹ̀ òkèèrè, òun náà yóò mú tirẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ ti ara wọn tán, ìdájọ́ a bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan a ní orin ti èkejì kò dùn. Èkejì a ní orin ti èkíní kò ní láárí. Òwe tí yóò bá wọn wí kò jìnnà: ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n irú ọmọ mìíràn tún wà tí òwe náà kò mẹ́nu kàn. Èyí ni ọmọ tí ó dé oko baba ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó padà wálé, tí ó sì ń sọ pé ti baba òun kì í ṣe oko rárá. Irú ọmọ kejì yìí kò ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn tí ó kàwé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn gbangba jù ni orin ọpẹ́ àti orin ìyìn. Bí olórin ilẹ̀ òkèèrè bá dúpẹ́ nínú orin, wọn a ní inú mímọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Bí olórin Yorùbá bá dúpẹ́ nínú orin, tí ó sì dárúkọ ẹni tí ó ṣe é lóore, wọn a ní owó ni ó ń wá. Gbólóhùn kúkúrú yìí, 'orin owó', ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ti àpàlà, sákárà àti jùjú sẹ́yìn nígbà tí a bá ń ka ohun tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí a wádìí ìdájọ́ yìí. Ọ̀nà tí ó dára láti wádìí rẹ̀ ni kí a gbé orin ọpẹ́ àti ìyìn láti ilẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn tí ó kọ wọ́n jọ ara wọn ní ọ̀nà kan: olúkúlùkù wọn ni ó fi orí ara rẹ̀ hun ọ̀rọ̀, tí ó fi etí ara rẹ̀ wá ohùn tí ó bá ọ̀rọ̀ náà mu, tí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́.

Èkíní ni Georges Brassens. Ní 1921 ni a bí i ní Sète, ìlú etí òkun kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Bíríkìlà ni baba rẹ̀. Ní 1943, nígbà tí Jámánì ti gba ilẹ̀ Faransé, wọ́n kó o lọ sí Jámánì láti ṣe iṣẹ́ ipá ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń rọ ẹ̀rọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní 1944 wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́ díẹ̀ fún un kí ó fi lọ sí ilé; ó lọ, kò sì padà mọ́. Paris ni ó fara pamọ́ sí, ní ilé obìnrin kan tí ń jẹ́ Jeanne àti ọkọ rẹ̀ Marcel. Ilé náà kò ní iná mànàmáná, kò sì ní omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ogun parí, Brassens kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, kò kúrò níbẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí ó fi gbé pẹ̀lú wọn. Ní 1952 ni àwọn ará Paris bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, nígbà tí obìnrin olórin kan, Patachou, fún un ní àyè láti kọrin ní ilé ìgbafẹ́ rẹ̀. Ní 1967, Akadẹ́mì ilẹ̀ Faransé fún un ní ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n máa ń fún àwọn akéwì.

Orin rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ kàn níhìn-ín ni 'Chanson pour l'Auvergnat', tí ó jáde ní 1954. Ènìyàn mẹ́ta ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú rẹ̀. Èkíní fún un ní igi ìdáná díẹ̀ nígbà òtútù. Èkejì, obìnrin kan, fún un ní búrẹ́dì díẹ̀ nígbà ebi. Ẹ̀kẹta, àlejò, kò ní ohun tí yóò fún un, ṣùgbọ́n ó fi ojú àánú wò ó nígbà tí àwọn ọlọ́pàá mú un. Lẹ́yìn olúkúlùkù wọn ni olórin náà yí padà sí àwọn ọlọ́lá ìlú, àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, tí ó jókòó wo ebi rẹ̀, tí ó sì rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń mú un lọ. Lẹ́yìn náà ni ó ṣàdúrà ikú rere fún ẹni tí ó ṣe é lóore. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ará Auvergne ni ó pe èkíní, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yìí wúwo fún ará Paris. Auvergne jẹ́ agbègbè òkè tí ilẹ̀ rẹ̀ kò lọ́ràá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wá ṣe òwò ní Paris. Igi ìdáná àti èédú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tà. Nítorí náà, ẹni tí ó fi igi tọrẹ nínú orin yìí fi ọjà rẹ̀ tọrẹ, òwò rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí kò mọ èyí yóò rò pé igi lásán ni.

Gìtá kan àti báàsì ńlá olókùn kan ni ó sábà máa ń bá Brassens lọ nínú àwọn orin rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ga, kì í sì í wárìrì. Àwọn tí kò gbọ́ Faransé a máa ní gbogbo orin rẹ̀ dọ́gba. Ẹ̀sùn yìí kò tọ́ sí i. Ó ń ka sílébù bí àwọn akéwì àtijọ́ ti ń kà á, ó ń mú kí ìparí ìlà jọ ara wọn ní ìró, ó sì fi ohùn orin sí ìsàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ kankan má baà sọnù. Òun náà ni ó gba ewì François Villon, akéwì ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tí ó fi ohùn orin sí i. Ẹni tí ó bá ń wá ohùn gíga lọ́dọ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tí ó lọ wá ẹja lórí igi.

Èkejì ni Violeta Parra, ọmọ ilẹ̀ Chile ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1917. Olùkọ́ orin ni baba rẹ̀, aránṣọ ni ìyá rẹ̀, akéwì olókìkí sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Nicanor. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà á níyànjú pé kí ó lọ kó orin àwọn àgbà oko jọ. Ó gbé gìtá kọ́ èjìká, ó ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń jókòó ti àwọn arúgbó tí orin wọn kò wọ ìwé rí. Lọ́dọ̀ wọn ni ó ti kọ́ òfin décima: ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá, sílébù mẹ́jọ nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, tí ìparí àwọn ìlà náà sì gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu ní ètò tí a ti là sílẹ̀ láti ayébáyé. Òfin yìí mọ́ ọn lára débi pé décima ni ó fi kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ ọnà lára aṣọ. Ní 1964 wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ọnà ńlá kan ní ààfin Louvre ní Paris. Nígbà tí ó padà sí Chile, ó pa àgọ́ ńlá kan ní La Reina ní 1965, kí àwọn ènìyàn lè máa wá gbọ́ orin ilẹ̀ wọn níbẹ̀. Èrò kò wọ́ wá bí ó ti retí. Ní oṣù kejì 1967 ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Orin rẹ̀ 'Gracias a la vida' jáde ní 1966. Ìwàláàyè ni ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ka àwọn ẹ̀bùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ojú, etí, ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹsẹ̀ tí ń rìn, ọkàn, àti níkẹyìn ẹ̀rín pẹ̀lú ẹkún. Sílébù méjìlá ni ó wà nínú ìlà, mẹ́fà ní ìhà kìíní, mẹ́fà ní ìhà kejì, bí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Charango ni ó ń ta sí i, ohun èlò olókùn kékeré ti àwọn ará òkè Andes. Ọpẹ́ kan náà ni ó ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹsẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn náà ni ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹnìkan tí olórin náà fẹ́ràn: ojú, kí ó lè rí i láàrin èrò, etí, kí ó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹsẹ̀, tí ó ti rìn dé ilé rẹ̀. Ọpẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ dùn kọ́ ni ọpẹ́ yìí. Ẹni tí ó ti pàdánù ni ó ń ka ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé oṣù díẹ̀ ni ó wà láàrin orin náà àti ikú rẹ̀ kò ní kọ ọ́ bí orin àríyá mọ́.

Orin yìí rin ìrìn àjò jìnnà. Mercedes Sosa ti Argentina kọ ọ́ sínú àwo ní 1971. Joan Baez ti Amẹ́ríkà kọ ọ́ ní 1974, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sọ odindi àwo. Ohun tí ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ni pé Baez, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè rẹ̀, kò túmọ̀ orin náà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Sípéènì tí a fi hun ún ni ó fi kọ ọ́. Ó gba orin náà pẹ̀lú òfin rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní 1919, tí ó sì kú ní 1983. Òun ni ó gbé àpàlà dé ibi gíga tí ó dé. Gángan, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni ó yí i ká. Ohùn rẹ̀ tutù, kì í kánjú, òwe a sì máa tẹ̀lé òwe lẹ́nu rẹ̀. Ní 1969 òun àti I. K. Dáíró dá ilé iṣẹ́ àwo orin tiwọn sílẹ̀, STAR Records, kí èrè iṣẹ́ olórin lè máa dé ọwọ́ olórin. Ní 1981 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fi oyè MON dá a lọ́lá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀ jẹ́ orin ìyìn: fún ọba, fún olóyè, fún oníṣòwò, fún ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀. Ibí yìí ni àwọn tí ń sọ̀rọ̀ 'orin owó' ti ń nàka sí i.

Kí a tó dá a lẹ́jọ́, ó yẹ kí a bèèrè òfin tí òun náà ń tẹ̀lé. Òfin náà tóbi ju kíka sílébù lọ. Èdè Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ohùn wọ̀nyí ni ó sì ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀. Olórin tí ohùn orin rẹ̀ bá ń lọ sókè nígbà tí ọ̀rọ̀ ń lọ sílẹ̀ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Àwọn ìjọ Kristi kọ́kọ́ rí ìṣòro yìí nígbà tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ inú ohùn orin ìsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ pé, ohùn orin pé, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tí ń kọ ọ́ mọ ohun tí ó ń wí nítorí pé ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Ẹ̀gbá, bàbá bàbá Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, gba ọ̀nà mìíràn. Ohùn orin ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó fi ń kọ orin ìsìn, ó sì kọ púpọ̀ nínú wọn sínú àwo ní London ní 1922. T. K. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Ìjọ Kristi ní Èkó láti 1914 títí di 1962, ṣàlàyé ọ̀ràn náà nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Music tí ó jáde ní 1953: láti inú ohùn ọ̀rọ̀ ni kí ohùn orin ti máa jáde.

Ní ti orin ìyìn, òfin yìí le jù lórí orúkọ. Orúkọ Yorùbá jẹ́ gbólóhùn, ó sì ní ohùn tirẹ̀. Kí a mú Adébóyè: ó bẹ̀rẹ̀ ní àárín, ó gòkè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wá sílẹ̀ ní ìparí. Bí olórin bá gbé e ní òdìkejì, ẹni tí ó pè kò ní dáhùn. Bí ó bá gbé e bí ó ti yẹ, gángan yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, yóò sì pè é láìsí ẹnu, gbogbo agbo yóò sì mọ ẹni tí à ń wí. Nítorí náà, orúkọ tuntun kọ̀ọ̀kan tí ó wọ orin Hárúnà ń béèrè ohùn tuntun. Àlejò tí kò gbọ́ èdè yóò ní ohùn orin náà kò kúrò lójú kan, bí àwọn kan ti sọ nípa Brassens. Àwọn méjèèjì ni a fi ẹ̀sùn kan náà kàn, nítorí ìdí kan náà: ẹni tí ń dájọ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ohùn náà ń ṣe ìránṣẹ́ fún.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Òótọ́ ni pé wọ́n ń fún Hárúnà lówó. Ṣùgbọ́n Brassens náà ta àwo, Parra náà sì fẹ́ kí èrò wá san owó ní àgọ́ rẹ̀. Owó nìkan kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí àwọn alátakò rò dáadáa. Ní 1948 ni Hárúnà ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, nípa Ọba Adébóyè, Orímolúsì ti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwo náà kò tà. Ní 1955 ọba wàjà, orin náà tún jáde, nígbà náà ni òkìkí Hárúnà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn. Ọba tí ó ti wàjà kò lè fún olórin ní kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ra àwo náà kì í ṣe ọba, kò sì sí ẹni tí ó yin òun fúnra rẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tí ó rà ni ìyìn náà, nítorí pé ó ti di ohun ìrántí.

Òṣùwọ̀n mìíràn ni a nílò, ọ̀kan sì wà tí a lè fi wọn orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí a yọ ẹni tí a ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kúrò nínú orin, kí a fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀, kí a wá wò ó bóyá orin náà yóò dúró. Bí a bá fi ọlọ́rọ̀ kan sí ipò ará Auvergne, orin Brassens wó. Igi díẹ̀ láti ọwọ́ ọlọ́rọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń rántí títí di ọjọ́ ikú. Bí a bá fi wúrà àti fàdákà sí ipò ojú àti etí, orin Parra wó. Kò sí wúrà tí a fi í rí ẹni tí a fẹ́ràn láàrin èrò. Kí a wá mú orin tí Hárúnà fi yin Òròkí Social Club ti ìlú Òṣogbo ní 1971. Òròkí tí ó wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà jẹ́ oríkì Òṣogbo. Bí a bá mú ẹgbẹ́ Ìbàdàn tàbí ti Abẹ́òkúta bọ ibẹ̀, oríkì bàjẹ́, ohùn orúkọ yí padà, gángan kò sì ní mọ ohun tí yóò wí. Orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege.

Òṣùwọ̀n yìí kan náà ni yóò dá àwọn tí kò yege mọ̀, wọn kò sì kéré. Olórin wà tí gbogbo ẹni tí ó bá ná owó fún un di ọmọ ọba lọ́jọ́ náà, tí ó jẹ́ pé ìyìn tí ó fi yin oníṣòwò ní àná ni ó fi ń yin lọ́yà lónìí, tí orúkọ nìkan yí padà. Irú orin bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a pè ní orin owó. Ẹni tí ó bá pe Hárúnà ní orúkọ yìí pẹ̀lú wọn kò tíì gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin aṣọ tí a rán fún ènìyàn àti aṣọ tí a rà lọ́jà.

Èyí kò wí pé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ọ̀kan náà. Fún Yorùbá, ọpẹ́ tí kò dárúkọ kò tíì parí. Ẹni tí ó ṣe oore ní ilé, ó ní baba, ó ní oríkì, ó sì yẹ kí ará ìta mọ̀ ọ́n. Fún Brassens, bí ó bá dárúkọ, yóò dójú ti ẹni tí ó fi oore rẹ̀ pamọ́. Fún Parra, oore náà tóbi ju kí ènìyàn kan ni ín lọ. Bí a ti ń ṣe ní ilé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Aláròjinlẹ̀ kò ní fi èèwọ̀ ilé kan dá ilé kejì lẹ́jọ́, kò sì ní tìtorí pé ó gbọ́ èèwọ̀ ilé kejì kí ó máa tijú ti ilé ara rẹ̀.

Ohun tí ó kan àwọn olùkọ́ nínú ọ̀ràn yìí kò ṣòro. Bí wọ́n bá fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ Parra tàbí Brassens, kí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí ìtàn lásán, kí wọ́n ṣàlàyé òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n jẹ́ kí orin náà dún ní èdè tí a fi bí i. Kí wọ́n má ṣe fi ipá mú un bọ inú ohùn Yorùbá. Ìrírí orin ìsìn ti tó ẹ̀kọ́. Bí àlejò bá sì bèèrè pé kí wọ́n fi orin tí wọ́n fẹ́ràn jù han òun, kí wọ́n má ṣe máa wá orin tí ó jọ ti ilẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un ẹni tí Orímolúsì jẹ́, kí wọ́n pe orúkọ Adébóyè fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí etí rẹ̀ lè mọ bí ó ti ń gòkè àti bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà náà ni kí wọ́n tó gbé àwo Hárúnà sí i.